Ẹran Wo? Ohun Tí Mo Kọ́ Nípa Mẹ́nù Láti Bùkà Ìlúpéjú Dé Vienna

Nígbà tí olóòtú ní kí kálukú wa kọ nípa ibi tí ó ti bá ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè pàdé lẹ́yìn odi kíláàsì, àwọn kan kọ nípa rédíò, àwọn kan kọ nípa inú dáńfó. Inú bùkà ni èmi ti rí tèmi, nígbà tí mò ń fọ abọ́.

Àbúrò ìyá mi ló ni bùkà náà. Ìlúpéjú ló wà, ní ẹ̀yìn Coker Road. Ẹni tó bá mọ Ìlúpéjú mọ̀ pé ọjọ́ ti pẹ́ tí ilé iṣẹ́ ti pọ̀ níbẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé Academy Press wà ní Industrial Avenue níbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú ìwé tó wà nínú báàgì yín ti ibẹ̀ jáde. Bí agogo méjìlá ọ̀sán bá ti lù, ìlú a máa péjú lóòótọ́ sí ẹnu ọ̀nà Àǹtí mi: òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó wọ aṣọ iṣẹ́, akọ̀wé ọ́fíìsì tó so káàdì mọ́ ọrùn, kọndọ́kítọ̀ tó ti Mushin wá, àti àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì tí epo ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń béèrè oúnjẹ ní irú ibẹ̀, kí n fi í wé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilé oúnjẹ àbáláyé ní Vienna, olú ìlú Ọ́stríà, kí n sì sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá ní ẹ̀ka wa.

Ìwé tí ọ́fíìsì béèrè

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ìsinmi, ọkùnrin kan tó máa ń jẹun lọ́dọ̀ wa wá bá Àǹtí. Ó ní ọ̀gá òun fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àwọn, bí ogójì ènìyàn, máa jẹ oúnjẹ ọ̀sán láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀, kí ọ́fíìsì sì máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí Àǹtí fi mẹ́nù ránṣẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, kí iye owó abọ́ kọ̀ọ̀kan sì wà lára rẹ̀.

Ogójì abọ́ lóòjọ́ kì í ṣe eré. Owó ṣọ́ọ̀bù ọdún tuntun ti dé, onílé sì ti fi kún un. Àǹtí kò ní mẹ́nù rí láti ọjọ́ tó ti ń tajà. Ó wò mí, ó ní, “Ṣebí èdè lò ń kọ́ níléèwé? Jókòó, kọ ọ́.”

Mo kọ ọ́. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ: àmàlà pẹ̀lú ẹran, ẹ̀bà pẹ̀lú ẹran, fùfú pẹ̀lú ẹran, ìrẹsì àti ẹ̀wà pẹ̀lú ẹran. Mo kà á sókè fún un. Bí mo ṣe ka ìlà àkọ́kọ́ tán, ó gbé ìgbákọ sílẹ̀.

“Ẹran wo?”

Mo ní, “Ẹran ṣáà ni, Àǹtí.”

“Tí ẹnì kan bá wá síbí tó ní kí n fún òun ní ẹran, ìwọ kí lo máa fún un?”

N kò rí èsì fọ̀. Mo ti fọ abọ́ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo sì ti ń gbọ́ bí àwọn oníbàárà ṣe ń béèrè. Kò sí ẹnì kan tó sọ pé “ẹran” kó dákẹ́ síbẹ̀.

Méjìlá lára màlúù kan

Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ, èmi náà ń kọ. Ẹran lásán, ìyẹn ẹran tí kò ní egungun tí kò sì ní ọ̀rá. Pọ̀nmọ́. Ṣàkì, tí àwọn ọmọdé ń pè ní tówẹ̀lì. Bíbélì, ìyẹn apá inú màlúù tó ní ìpele-ìpele bí ojú ewé ìwé. Abọ́dì, ìfun ńlá tó sanra. Ràǹdábáòtù, ìfun kéékèèké tó lọ́ yíká. Ẹ̀dọ̀. Fùkù. Ọkàn. Kíndìnrín. Bọ̀kọ̀tọ̀. Bisikíìtì, ìyẹn egungun rírọ̀ tó ń dún kàrà-kàrà lẹ́nu. Méjìlá ni mo kà, kò sì tíì dé orí adìẹ, ẹja àti ògúnfe.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbìyànjú láti tò wọ́n bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín sí.

Àkọ́kọ́ ni orúkọ tí ẹran àti ènìyàn jọ ń jẹ́. Ẹ̀dọ̀ màlúù ni ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ tèmi náà ni ẹ̀dọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn.

Èkejì ni orúkọ tó jẹ́ ti oúnjẹ nìkan. Màlúù tó ń jẹko kò ní pọ̀nmọ́, awọ ló ní. Ìgbà tí wọ́n bá fi iná jó irun ara awọ náà, tí wọ́n họ ọ́, tí wọ́n sì sè é, ló tó di pọ̀nmọ́. Awọ tó bá gba ọ̀dọ̀ oníbàtà lọ, awọ ni yóò máa jẹ́. Bọ̀kọ̀tọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀: ẹsẹ̀ ni màlúù fi ń rìn, inú ìkòkò ni ẹsẹ̀ náà ti ń di bọ̀kọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ní bọ̀kọ̀tọ̀ ń dun òun, ẹ mọ̀ pé àwàdà ló ń ṣe.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ àyálò tí a fi àfiwé sọ di tiwa: tówẹ̀lì, bíbélì, ràǹdábáòtù, bisikíìtì. Láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n ohun tí a fi wọ́n pè níhìn-ín ti yàtọ̀. Ẹni tó fún ìfun ní orúkọ ràǹdábáòtù ti gbọ́dọ̀ rí ibi tí mọ́tò ti ń yí po lójú títì. Orúkọ ìgboro ni, bí ojú títì náà ṣe jẹ́ ti ìgboro.

Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé gbólóhùn mi, “àmàlà pẹ̀lú ẹran,” kò tọ́ rárá ní èdè bùkà. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan wọ ilé ìkàwé wa tó ní kí wọ́n fún òun ní “ìwé”.

Bùkà àti Beisl

Mo fi ọ̀rọ̀ náà sórí WhatsApp ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́-jáde ẹ̀ka wa. Mo béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ bí wọ́n ṣe ń kọ mẹ́nù fún ibi tí orúkọ ẹran ti pọ̀ tó báyìí. Ẹ̀gbọ́n kan tó jáde níbí lọ́jọ́ tó ti pẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní Vienna, ló dá mi lóhùn. Ó ní ilé oúnjẹ kan wà nítòsí ibi iṣẹ́ òun tí òun àti àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń lọ. Ó ya àwòrán mẹ́nù wọn ránṣẹ́, ó sì fi ohùn ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Beisl ni wọ́n ń pe irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní Vienna. Kì í ṣe ibi olówó. Tábìlì onígi ló máa ń wà níbẹ̀, oúnjẹ tí ìyá àgbà ń sè nílé ni wọ́n sì ń tà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé inú èdè Yídíìṣì, èdè àwọn Júù ilẹ̀ Yúróòpù, ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí “ilé”. Ẹ rántí pé bùkà tiwa náà, ọ̀rọ̀ àyálò ni. Inú èdè Hausa ló ti wá, níbi tí bukka ti túmọ̀ sí ahéré tàbí àtíbàbà. Ìlú méjì tí kò mọ ara wọn rí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yá ọ̀rọ̀ “ilé” lọ́wọ́ aládùúgbò, tí wọ́n sì fi pe ibi tí tálákà àti akọ̀wé ti jọ ń jẹun ọ̀sán.

Ìwà tábìlì wọn náà kò jìnnà sí tiwa. Ẹ̀gbọ́n ní bí ènìyàn bá wọlé lọ́sàn-án, tó bá àwọn tó mọ̀ lórí oúnjẹ, ohun tí yóò sọ ni Mahlzeit. Bí a bá tú u ní ṣákálá, “àsìkò oúnjẹ” ló túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n ìkíni ni. Níhìn-ín, ẹni tó ń jẹun ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Ẹ wá jẹun.” Ẹni tó dé a sì dáhùn pé, “Á gba ibi ire.” Ẹni tó bá wọ bùkà Àǹtí mi láì sọ èyíkéyìí nínú rẹ̀, gbogbo ènìyàn á mọ̀ pé kò mọ ibẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pe ẹran ní Vienna

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ti yà mí lẹ́nu jù lọ ni ti ẹran. Ó ní tí mo bá rò pé Yorùbá nìkan ló ń béèrè “ẹran wo?”, kí n gbọ́ ti àwọn ará Vienna.

Oúnjẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Tafelspitz. Ẹran màlúù ni, tí wọ́n rọra bọ̀ nínú omi pẹ̀lú àwọn ewébẹ̀. Kì í ṣe ibi yòówù lára màlúù ni wọ́n ń lò fún un. Orúkọ ibi kan pàtó lápá ẹ̀yìn ẹran náà ni Tafelspitz, òun ni wọ́n sì fi pe oúnjẹ náà. Ẹni tó bá fẹ́ apá ibòmíràn ní orúkọ mìíràn tí yóò fi béèrè: Schulterscherzel láti èjìká, Kavalierspitz, Beinfleisch, Hüferschwanzl. Kí ogun àgbáyé kejì tó parí, hótẹ́ẹ̀lì kan wà ní gbàgede Neuer Markt ní Vienna tí ń jẹ́ Meissl & Schadn. Oríṣi ẹran màlúù bíbọ̀ mẹ́rìnlélógún ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Joseph Wechsberg, òǹkọ̀wé tó mọ ibẹ̀ dáadáa, ṣàlàyé lẹ́yìn ogun pé ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀ bí ọ̀mọ̀ràn lórí ó kéré tán méjìlá nínú wọn, wọn kò kà á sí ara wọn nílùú náà, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó.

Méjìlá! Iye tí Àǹtí mi kà fún mi gan-an nìyẹn, láì wo ìwé.

Iná jó Meissl & Schadn nígbà tí ogun ń parí lọ ní 1945. Ìkòkò wọn lọ, tábìlì wọn lọ, àwọn oníbàárà wọn fọ́n ká. Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ náà kò bá iná lọ. Wọ́n ti wà nínú ìwé oúnjẹ sísè àti lẹ́nu àwọn alápatà. Títí di òní, ilé oúnjẹ mìíràn ní Vienna ń fi wọ́n ta ẹran.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ èdè mọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1995 ni Ọ́stríà wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Èdè Jámánì ni wọ́n ń sọ ní Ọ́stríà, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ń pe oúnjẹ yàtọ̀ sí ti orílẹ̀-èdè Jámánì ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọ̀dùnkún aláwọ̀ funfun tí à ń pè ní pòtétò, Kartoffel ni ní Jámánì, Erdäpfel ni ní Ọ́stríà. Tòmátò ń jẹ́ Paradeiser lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀rù ń ba àwọn ará Ọ́stríà pé bí wọ́n bá wọ àjọ náà, ọ̀rọ̀ Jámánì ni yóò gba ojú páálí oúnjẹ àti ìwé òfin. Wọ́n bá ní kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọ̀rọ̀ tiwọn bá ti Jámánì dọ́gba. Ọ̀rọ̀ mẹ́tàlélógún ni wọ́n tò síbẹ̀, gbogbo wọn ló sì jẹ́ orúkọ oúnjẹ. Orúkọ ẹran wà nínú rẹ̀: Beiried, Hüferl, àti Lungenbraten. Ẹni tó bá mọ̀ pé Lunge ni fùkù ní èdè Jámánì lè rò pé fùkù ni Lungenbraten. Yóò ṣì í. Ẹran tó rọ̀ jù lọ lára màlúù ni, lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ẹ rò ó wò. Nígbà tí orílẹ̀-èdè kan fẹ́ dáàbò bo èdè rẹ̀ nínú àdéhùn àwọn ìjọba, orúkọ oúnjẹ ló kó sílẹ̀.

Kí ni mẹ́nù wà fún?

Mo tún padà sórí iṣẹ́ mi. Mo mọ orúkọ báyìí, ó ku iye owó. Ibẹ̀ ni mo ti kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Lórí mẹ́nù Beisl tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́, oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Wiener Schnitzel wà níbẹ̀: ẹran ọmọ màlúù tí wọ́n lù títí tó fi fẹ̀ tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n yí nínú ìyẹ̀fun, ẹyin àti èérún búrẹ́dì, tí wọ́n wá dín. Òfin oúnjẹ Ọ́stríà ní ẹran ọmọ màlúù nìkan ló lè jẹ́ orúkọ yẹn. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ ni. Lẹ́bàá oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún kọ lẹ́tà kéékèèké: A, C, G. Láti oṣù kejìlá 2014 ni òfin Yúróòpù ti ní kí ilé oúnjẹ máa sọ ohun mẹ́rìnlá tó lè ṣe àwọn kan ní ibi bí wọ́n bá jẹ ẹ́. Ní Ọ́stríà, A dúró fún àlìkámà àti irú rẹ̀, B fún edé àti akàn, C fún ẹyin, E fún ẹ̀pà, G fún wàrà.

Mo ka èyí fún Àǹtí. Ó ní, “Ẹni tí kò bá lè jẹ edé, ṣé kò ní ẹnu láti sọ ni?”

Òtítọ́ ló sọ. Ní bùkà, ẹni tó ń sè é ló ń bù ú, ojú ni oníbàárà fi ń rí ìkòkò. Àǹtí mọ ẹni tí kì í jẹ edé, ó mọ ẹni tí dókítà ti ní kó yé jẹ pọ̀nmọ́ oníyọ̀, ó sì mọ ẹni tó ń gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n ogójì ènìyàn tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọ́fíìsì yẹn kò ní rí Àǹtí, Àǹtí kò sì ní rí wọn. Èmi ni n óò máa gbé kúlà lọ. Níbi tí ẹni tó sè é àti ẹni tó ń jẹ ẹ́ kò ti rí ara wọn, ìwé ló gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ dípò wọn. Iṣẹ́ mẹ́nù nìyẹn. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ báyìí, Àǹtí gbà.

Bí owó ṣe ń di oúnjẹ

Ọ̀rọ̀ iye owó le ju ìyẹn lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi oníbàárà méjì ṣàpẹẹrẹ.

Akọ̀wé kan dé. “Ẹ kú ọjà o, Mọ́mì. Ẹ fún mi ní àmàlà ìgbákọ méjì, kí ẹ da àbùlà sí i. Ẹ fi ṣàkì kan àti pọ̀nmọ́ kan sí i.” Àbùlà ni gbẹ̀gìrì, ewédú àti ọbẹ̀ ata tí a dà pọ̀. Oníbàárà yìí dárúkọ gbogbo ohun tó fẹ́, Àǹtí ṣírò rẹ̀, ó sọ iye rẹ̀, ó parí. Ará Vienna kankan lè ra oúnjẹ báyìí.

Kọndọ́kítọ̀ kan dé tẹ̀lé e. “Mọ́mì, ẹgbẹ̀rún kan ni gbogbo ẹ̀ o.” Kò dárúkọ oúnjẹ kankan. Owó nìkan ló dárúkọ, ó sì jókòó. Àǹtí wo ojú rẹ̀. Ó fi àmàlà sí i, ó wá pọ̀nmọ́ tó kéré díẹ̀ nínú ìkòkò, ó bu ọbẹ̀ tó pọ̀ lé e lórí. Nígbà tí ọkùnrin náà ní, “Ènì ńkọ́?”, ó fi ègé ṣàkì kékeré kan há ẹ̀gbẹ́ àmàlà. Wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́, ọkùnrin náà ń jẹun.

Gbólóhùn kejì yìí ni mẹ́nù kò lè gbà. Ní Beisl, oúnjẹ ló ń sọ iye tí ènìyàn yóò san. Ní bùkà, iye tó wà lápò ènìyàn lè sọ irú oúnjẹ tí yóò jẹ. Àǹtí ló ń tú owó náà sí oúnjẹ, bí ògbufọ̀ ṣe ń tú èdè. Ó ń wo aago, nítorí pé ẹran tó kù ní agogo mẹ́ta kò rí bí ti agogo méjìlá. Ó ń wo ẹni náà, ó sì ń wo iye ìgbà tó ti wá.

Mo bi Àǹtí pé, bí a bá ti ṣe mẹ́nù fún ọ́fíìsì tán, ṣé kí n kọ ọ̀kan tó tóbi, kí a gbé e kọ́ ara ògiri bùkà pẹ̀lú iye owó? Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, “Tí kọndọ́kítọ̀ yẹn bá dé ẹnu ọ̀nà, tó rí i pé abọ́ kan kọjá owó ọwọ́ rẹ̀, ṣé ó máa wọlé? Ó máa kọjá lọ ni. Ebi á máa pa á, oúnjẹ tèmi á sì ṣẹ́kù.”

Mẹ́nù méjì

Ẹ̀gbọ́n ló yanjú ti ọ́fíìsì. Ó ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ní Ọ́stríà ní ohun tí wọ́n ń pè ní Mittagsmenü: oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n ti pinnu tẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọbẹ̀ olómi kan àti oúnjẹ gidi kan, ní iye kan ṣoṣo tó dínwó sí ti mẹ́nù ńlá. Oníbàárà kò ní yan ohunkóhun, ẹni tó ń sè é sì mọ iye tí yóò rà lọ́jà. Mo bá Àǹtí jókòó, a tò ó. Ọjọ́ Ajé, ìrẹsì àti ẹ̀wà pẹ̀lú dòdò àti ẹran lásán. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àmàlà àti àbùlà pẹ̀lú ṣàkì àti pọ̀nmọ́. Ọjọ́rú, ẹ̀bà àti ẹ̀gúsí pẹ̀lú bọ̀kọ̀tọ̀. Ọjọ́bọ̀, iyán àti ẹ̀fọ́ rírò pẹ̀lú ẹja. Ọjọ́ Ẹtì, ìrẹsì ọ̀fadà àti ayamáṣe pẹ̀lú oríṣi ẹran inú. Iye kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Lábẹ́ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ́ ní Yorùbá bí edé, ẹ̀pà tàbí ẹyin bá wà nínú rẹ̀. Mo sì kọ orúkọ ẹran kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, torí pé n kò fẹ́ kí olùkọ́ fonọ́lọ́jì wa bá mi wí.

A fi ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n gbà á. Nígbà tí oṣù pé, wọ́n san owó, Àǹtí sì fi kún owó ṣọ́ọ̀bù.

Ti ara ògiri ńkọ́? A gba ọ̀nà àárín. Mo ra pátákó dúdú kan ní Mushin, mo sì fi ẹfun kọ orúkọ méjèèjìlá sára rẹ̀, láti orí ẹran lásán títí dé bisikíìtì. N kò kọ iye owó kankan sí i. Ní ọjọ́ tí a gbé e kọ́, ọmọ mẹkáníìkì kan dúró níwájú rẹ̀, ó ń kà á pẹ̀lú ìka. Ó ti ń jẹun níbẹ̀ láti bí ọdún kan. Ó yíjú sí Àǹtí, ó ní, “Mọ́mì, bíbélì wà níbí? Ẹ ò sọ fún mi rí.” Àǹtí ní, “O ò béèrè rí.” Ó bu bíbélì fún un. Kọndọ́kítọ̀ náà wá lọ́jọ́ kejì, ó wo pátákó, ó jókòó, ó sì ní ẹgbẹ̀rún kan ni gbogbo ẹ̀.

Ohun tí mo fà yọ nínú rẹ̀ nìyí. Orúkọ oúnjẹ yẹ ní kíkọ sílẹ̀. Orúkọ tí kò sí níbì kankan àyàfi lẹ́nu ẹni tó ń bu oúnjẹ, ọjọ́ tí ẹni náà bá ti ṣọ́ọ̀bù ni yóò bá a lọ, torí pé kò sí àdéhùn 1995 kankan tí yóò mú un dúró fún wa. Àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè ló yẹ ká ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ká tó kọ iye owó tẹ̀lé orúkọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ìkòkò léèrè ẹni tí òǹkà náà yóò lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Orúkọ méjìlá tí mo kọ, ti Ìlúpéjú ni, láti ẹnu obìnrin kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ ti Ìjẹ̀bú wá, ẹ̀yin ará Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Ìlọrin àti Kétu, kí ni wọ́n ń pe abọ́dì ní bùkà ilé yín? Kí ni wọ́n ń pe bíbélì kí Bíbélì tó dé? Ẹ bi àwọn ìyá oníbùkà, kí ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí olóòtú. Ẹ má gbàgbé láti ra oúnjẹ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.